Ọwọ́ tó wà nínú ògiri ilé ẹjọ́

Yèyé àgbà ti ìka bọ inú ẹrẹ̀ pupa náà, ó gbé e sẹ́nu, ó sì pa ẹnu dé. Gbogbo wa ń wò ó. Àwa ará apá òkè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ará apá odò dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ògiri ilé tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ sì wà láàrin wa. Mo gbọ́ bí yanrìn ṣe ń dún láàrin eyín rẹ̀. Ó gbé e mì, ó la ẹnu, ó sì yọ ahọ́n síta kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

"Ó ti tó àbí kò tó?" ló bi wọ́n.

Ìyá arúgbó kan láti apá odò ló dúró kọjú sí i. Òun náà ní ìkòkò ẹrẹ̀ tirẹ̀ níwájú. Kò rẹ́rìn-ín. "Yọ ahọ́n náà síta sí i. Láti ìgbà tí a ti jọ ń ṣẹ́ igi ìdáná ni mo ti mọ̀ ọ́. O máa ń fi nǹkan pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Tọ́ tìrẹ wò kí n rí ọ. O kò kúkú ní eyín tí yanrìn máa há sí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, wọ́n sì yára dákẹ́. Ìyá apá odò bu ẹrẹ̀ tirẹ̀, ó lá a, ó gbé e mì láìṣẹ́jú. Yèyé àgbà sún mọ́ ọn, ó yọjú wo ẹnu rẹ̀ dáadáa kó tó gbà pé ó ti wọlé.

Ní ilẹ̀ wa, ọkùnrin ló ń mọ ògiri, obìnrin ló ń rẹ́ ẹ. Àwa la ń fi ẹrẹ̀ kíkúnná dán an, tí a sì ń fi ẹfun, osùn àti èédú ya nǹkan sí i lára. Obìnrin tó bá fẹ́ rẹ́ ilé tí kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ẹrẹ̀ tó pò wò lójú onílé, kí onílé lè mọ̀ pé kò fi ohun búburú kankan sí i. Ilé tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ti ìdílé kankan. Nítorí náà ni àwọn méjèèjì ṣe tọ́ ẹrẹ̀ wò.

N kò ní sọ orúkọ tí àdúgbò méjèèjì ń jẹ́ ní Ọ̀kà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń gbé nítòsí mi. Ẹni tó bá jẹ́ ará ibẹ̀ yóò mọ̀. Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, kò pọn dandan kó mọ̀.

Nígbà ogun àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń wá kó wa lẹ́rú, orí òkè ni gbogbo wa ń gbé, láàrin àpáta. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti dáko sí pẹ̀tẹ́lẹ̀? Ìgbà tí òyìnbó dé tí ogun náà dáwọ́ dúró ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, tí ilẹ̀ dúdú tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìkàrẹ́ sì wọ tọ̀tún-tòsì lójú. Apá òkè ní bàbá àwọn ló ń ro ó kí ogun tó dé. Apá odò ní bàbá àwọn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣu tí wọ́n hú dànù, ó di orí tí wọ́n fọ́, ó sì di ilé tí wọ́n sun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́ ni wọ́n sun tiwa. Ìyá mi ti kú kí n tó dá a mọ̀, bàbá mi sì ti lọ sóko, nítorí náà Yèyé àgbà, ìyá bàbá mi, ló gbé mi sáré. Ó tì mí sínú ihò àpáta, ó wọlé tẹ̀lé mi, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi. Mo ń gbọ́ bí koríko òrùlé ṣe ń ta pàpà. Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ tí wọn kò tú. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí omi èèpo irú tí ó fi ń dán ògiri, òórùn kíkan kan tí kì í kúrò lára rẹ̀ bó ti wù kó wẹ̀ tó. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dáná sun igbó nítòsí ilé mi, òórùn yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ kí n tó gbọ́ ti èéfín.

Àwọn tiwa lọ sun ilé tiwọn náà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn.

Òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè wa, tí a ń pè ní Ajẹ́lẹ̀, rán àwọn ọlọ́pàá wá. Wọ́n mú ọkùnrin láti apá òkè, wọ́n mú láti apá odò, wọ́n sì kó gbogbo wọn lọ sí àtìmọ́lé ní Ìkàrẹ́. Bàbá mi wà nínú wọn. Òun nìkan lọmọ tó kù fún Yèyé àgbà. Ìyá apá odò tó tọ́ ẹrẹ̀ wò náà ní ọmọkùnrin kan nínú wọn.

Ohun tí Ajẹ́lẹ̀ pa láṣẹ ni pé kí àdúgbò méjèèjì pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé ẹjọ́ kan sórí ilẹ̀ tí a ń jà sí, kí wọ́n ya àwòrán àlàáfíà sí ògiri rẹ̀, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ̀ pé ìjà ti parí. Bí ó bá dé tó rí i pé ilé náà parí, tí a sì jókòó sínú rẹ̀ láìsí ariwo, àwọn ọkùnrin wa yóò padà sílé.

Yèyé àgbà kò gbà á gbọ́. "Ẹni tó bá fẹ́ dá ènìyàn sílẹ̀ á ṣí ilẹ̀kùn," ló wí. "Kí ni ògiri wá ṣe níbẹ̀?" Ṣùgbọ́n ó lọ wa amọ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, a máa ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi. Láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́, Yèyé àgbà kì í gba àárín ọ̀nà. Ẹ̀bá igbó ló máa ń rìn, tí yóò máa wo ẹ̀yìn. Ní Ìkàrẹ́, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, oníṣòwò aṣọ, máa ń jẹ́ kí àwọn tó gbé oúnjẹ wá sinmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ kéú ń ké lọ́wọ́ nínú àgbàlá, ohùn wọn ń dún bí oyin. Yèyé àgbà wo láwàní orí bàbá náà, kò sì fẹ́ jókòó. Irú láwàní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń wé.

"Ẹ mu omi, ìyá," ni bàbá náà wí.

"Òǹgbẹ kò gbẹ mí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ọ̀kà rìn wá nínú oòrùn yìí?" Ó mu díẹ̀ nínú omi náà, ó nu ẹnu igbá, ó tún nà án sí i. "Èmi náà ni wọ́n kó lẹ́rú nígbà èwe mi, ìyá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ àdúrà. Ẹ mumi."

Yèyé àgbà mu ún. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ." Fún Yèyé àgbà, ìyẹn ti pọ̀.

A bá bàbá mi lẹ́nu fèrèsé kékeré kan tí wọ́n fi igi dábùú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún. Yèyé àgbà ti iyán tí a fi ewé wé bọ àárín igi, bàbá mi gbà á, ó ṣí ewé náà, ó gé iyán sí méjì, ó sì na apá kan sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tí onítọ̀hún sún síwájú ni a rí i pé ọmọ ìyá apá odò ni.

"Ṣé òun lo ń fún ní oúnjẹ mi?" ni Yèyé àgbà bi í.

"Inú yàrá kan náà la wà, Yèyé. Bí mo bá jẹ ẹ́ tí òun ń wò mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn?" Ó jẹ òkèlè kan. Ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ parí ilé náà. Wọ́n ní bí ìjà bá tún bẹ́, àwọn á kó wa kọjá Odò Ọya."

Kọjá Odò Ọya. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú lọ nígbà náà, kò sì sí ẹni tí a mọ̀ tó bọ̀ láti ibẹ̀ àfi àwọn díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri náà. Yèyé àgbà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ìyá apá odò bẹ̀rẹ̀ láti òsì, èmi sì ń bá Yèyé àgbà lọ osùn lórí òkúta. Àwọn méjèèjì kì í kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ láti bu ẹrẹ̀, èkejì á dúró títí yóò fi nàró. Bí ọ̀kan bá kọrin lábẹ́lẹ̀, èkejì á fetí sí i bóyá èpè ni.

Akọ̀wé tí Ajẹ́lẹ̀ rán wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlú mìíràn tó jìnnà, tó máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí bàtà rẹ̀, wá ṣàlàyé ohun tí a ó yà. Ó pe akódà tó ń ṣọ́ wa, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara wọn. "Ọkùnrin méjì," ló wí. "Báyìí gan-an. Àlàáfíà nìyẹn."

Yèyé àgbà yí wọn po. "Ọwọ́ ọ̀tún ni mo rí yìí. Òsì wọn ńkọ́? Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, ìyá."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé o wo ẹ̀yìn wọn ni?"

Ìyá apá odò bú sẹ́rìn-ín láti orí àpótí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Ọmọ mi, má bínú," ló sọ fún akọ̀wé náà. "Ọkùnrin wo la fẹ́ yà? Bí mo bá ya èyí tó ga, wọ́n á ní tèmi ni. Bí obìnrin yìí bá ya èyí tó sanra, wọ́n á ní tirẹ̀ ni, pé àwọn ló ń jẹ iṣu."

"Ẹ ya wọ́n kí wọ́n dọ́gba."

"Tí wọ́n bá dọ́gba, ta ni kálukú máa sọ pé ó ṣẹ́gun?" ni Yèyé àgbà wí. Akọ̀wé náà ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun. Àwọn ìyá méjèèjì wo ara wọn, ó sì dà bíi pé àwọn nìkan ni ohun tí ìjà náà ná wa yé.

Níkẹyìn, ebè ni wọ́n yà. Ebè iṣu tó tò láti ọ̀tún, ebè tó tò láti òsì, tí wọ́n pàdé láàrin ògiri láìsí igi ààlà, láìsí ọ̀nà. Èédú ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀, ẹfun ni wọ́n fi ṣe ìtàkùn iṣu tó ń fà. Nígbà tí wọ́n dé àárín, èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Mo rí i tí Yèyé àgbà ń yọjú wò bóyá ebè ti ìyá apá odò tóbi ju tirẹ̀ lọ. Ìyá apá odò náà ń yọjú wo tirẹ̀. Akọ̀wé wò ó títí, ó mi orí, ó ní òun yóò wá ohun tí òun máa sọ fún Ajẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Yèyé àgbà fi omi èèpo irú dán ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì fi òkúta dídán yí i títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ó nàró, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù, ó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ tútù náà.

Kò rò ó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin ilẹ̀ wa tó bá rẹ́ ilé ìdílé rẹ̀ tán a máa tẹ ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ náà ló sì ń sọ pé tiwa ni ilé yìí. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ha á kúrò níwọ̀n ìgbà tí obìnrin náà bá wà láàyè, nítorí a gbà pé ẹni tó bá ha ọwọ́ alààyè, ẹ̀mí obìnrin tó ni ọwọ́ náà ló ń ha.

Ọkùnrin kan láti apá odò ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ wò ó! Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe! Wọ́n ti gba ilẹ̀ náà!"

"N kò mọ̀ọ́mọ̀," ni Yèyé àgbà wí. "Ọwọ́ mi ló ṣe é."

"Ha á kúrò nígbà náà!"

Ojú kọ́kọ́ ń ti àwọn àgbà tiwa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, ojú kò tì wọ́n mọ́. "Ẹnikẹ́ni kò ní ha nǹkan kan. Ìwọ obìnrin yìí, bí o bá fọwọ́ kàn án, o ti fi ilẹ̀ bàbá wa tọrẹ." Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ilé ti sọ orúkọ onílé. Àwọn ọ̀dọ́ apá odò sáré lọ mú àdá. Àwọn tiwa ti mú tiwọn. Akódà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ fọn fèrè rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Yèyé àgbà yí ojú sí ọ̀nà Ìkàrẹ́. Ó wá mú àfọ́kù igbá tó fi ń ha ẹrẹ̀, ó gbé e sókè síwájú ọwọ́ tirẹ̀ tó wà lára ògiri. Mo di aṣọ rẹ̀ mú. N kò mọ̀ bóyá mo ń fà á sẹ́yìn ni tàbí mo ń tì í síwájú. Mo fẹ́ kí bàbá mi wá sílé. N kò fẹ́ kí Yèyé àgbà kú.

"Kúrò níbẹ̀," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn wa.

Ìyá apá odò ni. Ó gbé ìkòkò ẹrẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà. Ó fi èjìká sún Yèyé àgbà sí ẹ̀gbẹ́, ó bu ẹrẹ̀ tó kún ọwọ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí àmì ọwọ́ náà, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fi ewé lé egbò. Ó fi òkúta yí i. Ó yí i títí ògiri náà fi tẹ́jú, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí ọwọ́ náà wà mọ́.

Ó kọjú sí àwọn èèyàn tirẹ̀. "Ṣé ẹ rí ọwọ́ kankan?"

Wọ́n ní àwọn kò rí i mọ́.

Ó kọjú sí wa. "Ṣé mo ha ọwọ́ ẹnikẹ́ni?"

Àwọn àgbà wa wo ara wọn. Òun kò ha á. Ọwọ́ náà ṣì wà lábẹ́ ẹrẹ̀.

"Ẹ mú àdá yín lọ sílé," ló wí. "Ọmọ mi wà ní Ìkàrẹ́."

Ẹṣin ni Ajẹ́lẹ̀ gùn wá lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a sì gbọ́ pátákò ẹṣin, ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ sá padà sínú àpáta. Ó wo ògiri náà. Ó bi akọ̀wé ní ìbéèrè, ó ń nawọ́ sí ebè, a sì gbà pé ó ń béèrè ibi tí àwọn ènìyàn inú àwòrán náà wà. Akọ̀wé sọ̀rọ̀ gígùn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Títí di òní n kò mọ ohun tó sọ. Ajẹ́lẹ̀ mi orí, a jókòó, a kò pariwo. Kí òṣù náà tó tán, bàbá mi gba ọ̀nà Ìkàrẹ́ bọ̀, òun àti ọmọ ìyá apá odò jọ ń rìn, wọ́n sì pínyà ní oríta láìsọ̀rọ̀.

Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Nígbà òjò, ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Yèyé àgbà. Ó lè jẹ́ òtútù ẹrẹ̀ ni, nítorí iṣẹ́ ẹrẹ̀ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ó máa ń jókòó, ó máa ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì máa ń bi mí, èmi ọmọdé: "Ṣé obìnrin yẹn gbà mí là ni, àbí ó sin mí láàyè?" Ìyá apá odò gbọ́ pé ọwọ́ ń dùn ún, ó fi àdí àti ewé sísè ránṣẹ́. Yèyé àgbà gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sórí àjà, kò lò ó. Ìyá apá odò tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ó tún gbé e sórí àjà. Ní ọjọ́ kan tí ìrora náà pọ̀, mo bá a tó ń fi pa ọwọ́, tó ń ráhùn, tó ń bú obìnrin náà pé ó ti jẹ́ kí ewé jóná.

Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Àìsàn ikọ́ ló pa á, kì í ṣe ọwọ́.

Wọ́n ti fi páànù bo ilé ẹjọ́ náà báyìí, wọ́n sì ti fi ọ̀dà kun ògiri. Kò sí ebè níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin méjì tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́ ni wọ́n yà. Àwọn olùkọ́ máa ń kó ọmọ ilé ìwé wá wò ó, wọ́n a ní báyìí ni àwọn baba ńlá wa ṣe parí ìjà wọn. Wọ́n ti ní kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí, nítorí èmi ni mo kù nínú àwọn tó rí i. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ṣé kí n dìde níwájú tọ̀tún-tòsì kí n sọ ẹni tó ni ọwọ́ tó wà lábẹ́ ọ̀dà náà? N kò mọ ẹni tó lè gbé àfọ́kù igbá lọ síbẹ̀ láti ha ọ̀dà náà, kó lè fi ọwọ́ náà gba ilẹ̀.

Bàbá mi wá ń dáko lórí ilẹ̀ yẹn, oko rẹ̀ àti ti àwọn ará apá odò kan ara wọn. Lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n ó fi rí i, kódà nígbà tí mo ti di ìyá ọmọ. Orí ẹní rẹ̀ ló kú sí, ó ti darúgbó. Àwọn ọmọkùnrin apá odò ló wá bá wa gbẹ́ sàréè rẹ̀, nítorí àwọn ni oko wọn sún mọ́ tirẹ̀. Mo dúró tì wọ́n, mo ń wo ọwọ́ wọn títí wọ́n fi ṣe tán. Lẹ́yìn náà mo gbé oúnjẹ síwájú wọn. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n mo rí i pé nígbà tí mo ń bu ọbẹ̀, àwọn náà ń wo ọwọ́ mi.